"Don't Hold Your Breath": Kí Ni Ọ̀gá Ń Sọ fún Wa?

Ní oṣù yìí, a kò ní sọ̀rọ̀ owó àjọ, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní sọ̀rọ̀ ìdìbò ẹ̀ka tó ń bọ̀ lọ́nà. Gbólóhùn Òyìnbó kan ṣoṣo ni a fẹ́ tú palẹ̀, nítorí pé gbólóhùn náà ti ṣe wá léṣe, a kò sì fẹ́ kí ó tún ṣe ẹlòmíràn léṣe. Gbólóhùn náà ni "Don't hold your breath."

Bí a bá tú u ní ẹyọ-ẹyọ, ohun tó ń sọ ni pé, "Má ṣe sé èémí rẹ." Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ gbogbo ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó wà níbẹ̀. Kò sí èyí tó le nínú wọn, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu rẹ̀ wà. Bí ọ̀rọ̀ Òyìnbó bá gùn, tó sì le, a ó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí a bá rò pé a ti mọ̀, ta ni yóò béèrè?

Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àwa márùn-ún lọ rí máníjà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ wa. Ẹ̀ka kádìn ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí, kí a ṣàlàyé fún un: ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń ya òwú kí ó tó di pé a ran án. Bí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́, eruku òwú á máa fò bí ìgbà tí ọyẹ́ bá mú. Bí o bá fi orí dúdú wọlé láàárọ̀, o ó fi orí funfun jáde lálẹ́ bí arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún. Fáànù ńlá méjì ló yẹ kí ó máa fa eruku yìí jáde. Ọ̀kan ti kú kí àrùn Kòrónà tó dé ní 2020. Èkejì ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá wù ú. Ìbòmú tí wọ́n sì ń fún wa jẹ́ aláṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo fún oṣù kan gbáko, tí à ń fọ̀ lálẹ́ tí à ń sá sórí wáyà.

A ka ẹ̀dùn wa sílẹ̀ ní ẹsẹ-ẹsẹ. Máníjà gbọ́ wa dópin, a kò ní purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí a parí, a béèrè pé, "Sà, ìgbà wo ni fáànù tuntun yóò dé?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wo akọ̀wé rẹ̀, ó ní, "Gentlemen, don't hold your breath." Ó dìde, ó bọ̀ wá lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí a bá òun kí àwọn ènìyàn wa. Ìpàdé parí.

Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wa léèrè ohun tí ọ̀gá sọ. Èyí tó kéré jù nínú wa ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá ti gbà pé eruku wà níbẹ̀. Ó ní kí a má máa sé èémí mọ́, kí a máa mí dáadáa, fáànù ń bọ̀." Akápò wa ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ohun tí ọ̀gá ń sọ ni pé kí a fọkàn balẹ̀, kí a má ṣe máa dààmú ara wa. Ẹnì kẹta kò sọ nǹkan kan. Àwa tí à ń kọ ìwé yìí, tí a lo ọdún mẹ́ta nílé ẹ̀kọ́ alẹ́, tí à ń ka ìwé ìròyìn Òyìnbó lójú gbogbo ayé, a mi orí bí ẹni tó mọ̀. A kò mọ̀. Ojú ni ó tì wá láti sọ pé a kò mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpàdé ẹnu géètì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó rántí ohun tí a sọ fún yín. A ní, "Ọ̀gá ní kí ọkàn gbogbo yín balẹ̀." Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wa. Ẹnì kan tilẹ̀ dá orin. Nítorí àtẹ́wọ́ yẹn, ìwé ìkìlọ̀ ọlọ́jọ́ 21 tí akọ̀wé ti tẹ̀ sílẹ̀, tó ku kí a fọwọ́ sí, a kó o sínú dúrọ́ọ̀, a sì ti dúrọ́ọ̀ pa.

Oṣù Kẹrin lọ, oṣù Kárùn-ún lọ, òjò rọ̀, òjò dá, fáànù kò dé. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, àwa ni à ń dá a lóhùn pé ọ̀gá ti ṣèlérí. Báyìí ni a di agbẹjọ́rò fún ẹni tí kò gbà wá síṣẹ́ agbẹjọ́rò.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, a bá ẹ̀gbọ́n wa kan láti ẹ̀ka kádìn lọ sí ilé ìwòsàn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ó ti lò nídìí ẹ̀rọ yẹn. Ikọ́ rẹ̀ ti le débi pé kò lè gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ láìdúró lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí ó lọ ya fọ́tò àyà. Obìnrin tó ń ya fọ́tò náà jẹ́ ọmọlúwàbí, ó sọ̀rọ̀ sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Bàbá, ẹ fa èémí sínú. Ẹ sé e. Ẹ má mí o." Ẹ̀gbọ́n wa fà á, ikọ́ gbé e. Ó tún fà á, ikọ́ tún gbé e. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n gbìyànjú kí fọ́tò náà tó ṣeé yà. A dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, à ń gbọ́ "ẹ sé èémí, ẹ sé èémí," ọ̀rọ̀ máníjà sì ṣàdédé sọ sí wa lọ́kàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, a gba ilé olùkọ́ tó kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì nílé ẹ̀kọ́ alẹ́ lọ. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ ṣì pé. A kò sọ ìtàn fún un, a kàn ní, "Tísà, bí ènìyàn bá ní 'Don't hold your breath', kí ni ó ń sọ?" Tísà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó ń sọ pé kí o má retí rẹ̀ ni. Ó ń sọ pé nǹkan ọ̀hún kò ní tètè dé, bóyá ni yóò tilẹ̀ dé rárá." A wá sọ ìdí tí a fi béèrè. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Láti oṣù Kẹta?"

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀ bí Tísà ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Bí ènìyàn bá ń retí nǹkan gidigidi, tí ara rẹ̀ wà lọ́nà, á sé èémí láìmọ̀. Ẹ rántí ọdún 1996, nígbà tí Nàìjíríà àti Brazil ń bá ara wọn fà á nínú ìdíje Òlíńpíìkì ti Atlanta. Wọ́n ti fi góòlù mẹ́ta sí ẹyọ kan gbá wa tẹ́lẹ̀, a san án di mẹ́ta sí mẹ́ta, Kanu sì tún gba bọ́ọ̀lù sẹ́sẹ̀ nínú àfikún àkókò. Ọmọdé ni ọ̀pọ̀ nínú wa nígbà náà. Nínú ilé tí a ti ń wò ó, kò sẹ́ni tó mí títí bọ́ọ̀lù fi wọlé. Ìyẹn ni sísé èémí ní tòótọ́. Òyìnbó wá yí i padà, ó sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀: bí o bá fẹ́ sé èémí títí nǹkan yìí yóò fi dé, má dán an wò, wàá kú. Ẹni tí kò kọ́ ìwẹ̀dò, bóyá ni yóò lè sé èémí kọjá ìṣẹ́jú kan tàbí díẹ̀ lé. Nǹkan tí à ń retí yóò gba oṣù, tàbí kí ó gba ọdún. Nítorí náà, bó tilẹ̀ dà bí àṣẹ, kì í ṣe àṣẹ, kì í sì í ṣe ìmọ̀ràn fún ìlera. Ẹ̀fẹ̀ tó ní ẹ̀gún nínú ni.

Yorùbá náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í fi èémí ṣe é. Ojú ni a fi ń retí: à ń wo ọ̀nà, à ń wojú ẹni. Ọrùn náà ni: à ń na ọrùn. Nígbà tí a bá sì fẹ́ sọ fún ènìyàn pé ohun tó ń retí kò ní dé, a ó ní, "Jókòó dè é." Gbogbo wa ni a mọ ohùn tí a fi ń sọ ìyẹn. Bí máníjà bá ti ní "Ẹ jókòó dè é" ni, ọmọ ọdún mẹ́wàá inú wa kò bá ti mọ̀ pé ìjà dé.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí wọ́n ń gbà lò ó. Ènìyàn lè sọ ọ́ nípa ara rẹ̀, "I'm not holding my breath," ìyẹn ni pé, "Èmi kò gbé ọkàn lé e ní tèmi." Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ní àna òun yóò san owó tó yá lọ́wọ́ òun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí ìwọ sì mọ àna náà dáadáa, o lè sọ ọ́ fún un, ẹ ó jọ rẹ́rìn-ín. Láàárín ọ̀gbà, kò burú. Ṣùgbọ́n a kì í kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí àgbà, a kì í sọ ọ́ fún ẹni tí nǹkan ń dùn, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹni tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọ̀rẹ́ rẹ kò ní agbára lórí owó àna. Máníjà ló ní agbára lórí fáànù.

Àwọn kan nínú yín yóò ní ṣebí Yorùbá ti sọ ọ́ pé agbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Bẹ́ẹ̀ ni, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ogún ni ìyẹn, ohun tí bàbá ẹni fi sílẹ̀ láìṣe pé a ṣiṣẹ́ fún un. Èémí tí ènìyàn ń mí nídìí iṣẹ́ kì í ṣe ogún. Owó oṣù kì í ṣe ogún. A kò gbójú lé ohun ẹlẹ́ni.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí yóò bí àwọn kan nínú. Máníjà kò parọ́ fún wa. A ti rò ó síwá, a ti rò ó sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ló rí. Nínú gbogbo ìdáhùn tí a gbà lọ́dún náà, tirẹ̀ nìkan ni òtítọ́. Bí a bá gbọ́ ọ lágbọ̀ọ́yé, ìdáhùn tí à ń wá ti tẹ̀ wá lọ́wọ́: fáànù kò sí. À bá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, à bá sọ̀ kalẹ̀, à bá fọwọ́ sí ìwé ọlọ́jọ́ 21 kí a tó jẹun ọ̀sán. Àwọn tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn wá ni ó burú jù ú lọ. Ẹ ti gbọ́ "in due course" rí? "Ní àkókò tó yẹ" ni wọ́n ń sọ, kò sì sẹ́ni tí yóò sọ ẹni tí àkókò náà yẹ. Ẹ ti gbọ́ "it is in the pipeline"? Páìpù ni Òyìnbó ń wí, bí ti epo: nǹkan ti wọ inú páìpù, ó ń ṣàn bọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé ìlú tí páìpù epo gbà kọjá mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tó wọ inú rẹ̀ níhìn-ín ló ń yọ lọ́hùn-ún.

Kì í ṣe ilé iṣẹ́ wa nìkan ni wọ́n ti ń ní kí òṣìṣẹ́ jókòó dè é. Ní 1945, nígbà tí ogun Hitler ti gbé owó ọjà sókè, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lórílẹ̀-èdè yìí bẹ ìjọba Òyìnbó títí fún àfikún owó ìgbáyé-gbádùn. Wọ́n gbọ́ "à ń gbé e yẹ̀ wò" títí ó fi sú wọn. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, wọ́n dáṣẹ́ sílẹ̀. Rélùwéè kò rìn, wáyà kò lọ. Michael Imoudu, tí ìjọba ti lé kúrò ní Èkó nígbà ogun tí ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé, wà lára àwọn tó ṣíwájú. Ó ju oṣù kan lọ kí ó tó parí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Tudor Davies dìde, tí àfikún sì jáde.

Ẹ wo owó oṣù tó kéré jù lọ náà. Òfin 1981 fi sí náírà 125, lẹ́yìn ìdáṣẹ́sílẹ̀ tí Hassan Sunmonu àti NLC pè ní oṣù Kárùn-ún ọdún náà. Ní 2011 ó di náírà 18,000. Ọdún mẹ́jọ gbáko ló fi jókòó síbẹ̀, tí ẹ̀wà, gàrí àti owó ọkọ̀ kò jókòó dè é, kí ó tó di náírà 30,000 ní 2019. Ní 2024, NLC bẹ̀rẹ̀ láti náírà 615,000. A dáṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà. Ìparí rẹ̀ ni náírà 70,000 tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Keje. A mọ̀ pé àwọn kan bínú sí àwọn aṣáájú wa nítorí bí iye náà ṣe já wálẹ̀. Àwa náà bínú. Ṣùgbọ́n nínú òfin yẹn kan náà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni a ó máa tún un wò, kì í ṣe ọdún márùn-ún mọ́. Ohun tó ní ọjọ́ lórí kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ẹ̀rín músẹ́ dáhùn.

Kí a padà sórí eruku, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ṣì gbà pé ikọ́ kádìn jẹ́ ikọ́ lásán, tàbí pé ọwọ́ ayé ni. Àìsàn òwú ti pẹ́ ní ayé. Dókítà ará Ítálì kan, Ramazzini, kọ ìwé nípa àìsàn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní 1700, ó sì sọ nínú rẹ̀ nípa ikọ́ àwọn tó ń ya okùn ọ̀gbọ̀. Byssinosis ni àwọn dókítà ń pè é lónìí. Àmì tí a fi ń dá a mọ̀ ni pé ọjọ́ tí ènìyàn bá padà síbi iṣẹ́ lẹ́yìn ìsinmi ni àyà rẹ̀ máa ń fún un jù. Bí o bá sinmi ní Sátidé àti ọjọ́ Ìsinmi, ara á fúyẹ́. Ní Mọ́ńdè, àyà á dì pa. Nígbà tó bá yá, yóò mú Túsìdeè, yóò mú Wẹ́sìdeè, títí kò fi ní sí ọjọ́ tí kò ní mú mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé "ara mi kì í fẹ́ràn Mọ́ńdè", ẹ má fi ṣe àwàdà. Ẹni tó bá sì ń mu sìgá, tirẹ̀ á le sí i.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì nínú ilé iṣẹ́ òwú ní ìpínlẹ̀ Carolina méjèèjì kó ara wọn jọ ní àárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn arúgbó tí kò lè mí dáadáa, wọ́n ń lọ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Ìjọba wọn ṣe òfin lórí eruku òwú ní 1978. Àwọn oníléeṣẹ́ gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ní owó fáànù pọ̀ jù. Ní 1981, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá wọn lẹ́bi, ó ní òfin náà dúró. Àwa náà ní òfin. Òfin ilé iṣẹ́ ti 1987 pa á láṣẹ pé níbi tí eruku tó lè pa ènìyàn lára bá wà, oníléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ sa gbogbo ipá rẹ̀ kí eruku náà má bàa wọ òṣìṣẹ́ lára. Òfin owó ìtánràn òṣìṣẹ́ ti 2010 sì ní kí oníléeṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ sínú àpò NSITF, láìyọ kọ́bọ̀ nínú owó òṣìṣẹ́, fún ẹni tó bá farapa àti ẹni tí iṣẹ́ bá kó àìsàn bá. Ọjọ́ 14 ni òṣìṣẹ́ ní láti fi tó ilé iṣẹ́ létí. Ẹ fi ìwé ṣe é, ẹ má fi ẹnu lásán ṣe é, kí ẹ sì mú ẹ̀dà rẹ̀ dání.

Ó ku ohun kan tó dùn wá jù, kò sì kan máníjà rárá. Láti ìgbà tí ìtumọ̀ gbólóhùn yìí ti tàn kálẹ̀ láàárín wa, ó ti di ọ̀rọ̀ fáàrí lẹ́nu àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ kan. Ní ọdún tó kọjá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa yẹn wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ láti béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ owó ọkọ rẹ̀ dé. Ọjà ni ó ti dìde wá, igbá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa, tí a kò ní dárúkọ, dá a lóhùn pé, "Màmá, don't hold your breath o." Ó ní kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Ó túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí gẹ́lẹ́: "Wọ́n ní kí ẹ má sé èémí." Obìnrin náà wò ó títí. Ó ní, "Ọmọ mi, èémí wo? Èyí tí bàbá wọn ń wá tí kò rí?" Ó gbé igbá rẹ̀, ó lọ.

Àwa méjì la lọ bẹ̀ ẹ́ nílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó dárí jì wá, ó tilẹ̀ fún wa lómi mu. Ṣùgbọ́n a sọ ọ́ nínú ìpàdé ìgbìmọ̀, a sì ń sọ ọ́ níhìn-ín: aṣojú tó bá tún fi gbólóhùn yẹn dá ọmọ ẹgbẹ́ tàbí ẹbí rẹ̀ lóhùn, kí ó gbé báàjì rẹ̀ sílẹ̀. Bí nǹkan kò bá tí ì dé, kí ó sọ ibi tó dúró sí, lọ́wọ́ ta ni, àti ọjọ́ tí a ó tún lọ béèrè.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan ti dábàá pé kí a máa mú ògbufọ̀ dání bí a bá fẹ́ lọ bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn ní kí á kúkú máa fi Yorùbá sọ ọ́, ṣebí ọmọ ìlú kan náà ni wá pẹ̀lú máníjà. A kò lòdì sí ìkejì yẹn, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìwé àdéhùn, ẹni tí kò bá sì ka ìwé àdéhùn fúnra rẹ̀ yóò fọwọ́ sí ohun tí kò mọ̀. Ohun tí à ń ṣe báyìí kò le. Ẹnì kan nínú wa ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Kí a tó dìde, ó ń kà á padà fún ọ̀gá ní Yorùbá, yóò béèrè pé, "Sà, ṣé ohun tí ẹ wí nìyí?" Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a ṣe é, ojú tì wá. Ní ọjọ́ kejì, ojú tì wọ́n.

Ìwé ọlọ́jọ́ 21 jáde kúrò nínú dúrọ́ọ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Fáànù kìíní dé ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Ìbòmú tó nípọn ti ń dé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń gbàgbé ṣíìfù òru. Fáànù kejì kò tí ì dé, ṣùgbọ́n ìwé ìlérí rẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé pẹ̀lú ọjọ́ àti ìfọwọ́sí. Ẹ̀gbọ́n wa ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ń ta káàdì fóònù lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ìwé rẹ̀ wà lọ́dọ̀ NSITF, à ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ẹni tó bá wà ní kádìn tàbí ní ẹ̀ka ìrànwú, tí àyà máa ń fún un ní Mọ́ńdè, kí ó wá kọ orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ tó dé. Bí ó bá ní ìwé fọ́tò àyà, kí ó mú un dání.